Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Ológbò

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣí àgádágodo náà, ọrùn òkú la sì ti bọ́ ọ.

Ọ̀gá mi ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú ihò, ó yí i, àgádágodo ṣí. Ó pa á dé, ó tún ṣí i. Bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ nìyẹn, bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré, èmi sì jókòó níwájú rẹ̀, inú ń bí mi. Jẹ́jẹ́ ni àwa ọlọ́pàá àgọ́ wa ń pe obìnrin yìí lẹ́yìn. Kò sí ohun tó ń kánjú ṣe. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń béèrè ọ̀rọ̀, àwọn ọ̀daràn tó sì ti kó sí i lọ́wọ́ ní jẹ́jẹ́ náà ló ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ èèyàn. Èmi ni sájẹ́ǹtì rẹ̀, ara tèmi kì í sì í gba jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá," mo ní, "ọ̀rọ̀ yìí ò le. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Bàbá tó wà nídìí súìṣì ló tan iná pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Ṣé ìwọ fúnra ẹ lo gbọ́ igbe àjẹ́ náà, àbí wọ́n sọ fún ẹ?"

Ó tún ṣí àgádágodo.

Ọmọkùnrin tó kú náà wà lára àwọn tó ń gun òpó fún iléeṣẹ́ mànàmáná. Ológbò ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sí òpó tó ga jù fún un. Wáyà kan bàjẹ́ lẹ́yìn ọsibítù, wọ́n rán an lọ. Kí ẹni tó ń gun òpó tó lọ, yàrá súìṣì ló ń kọ́kọ́ yà sí. Yóò fa ọwọ́ súìṣì wálẹ̀ kí iná lè kúrò lójú wáyà, yóò wá fi àgádágodo tirẹ̀ tì í mọ́bẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló ní tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti ẹnì kan kì í sì í ṣí ti ẹnìkejì. Bó bá wà lókè, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sí ẹni tó lè tan iná pa á. Ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ohun tó sì gbàgbọ́ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ológbò ti súìṣì, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, ó gun òpó. Iná dé nígbà tó ṣì wà lókè. Bẹ́líìtì rẹ̀ ni kò jẹ́ kó já bọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ ọ́ kalẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àgádágodo ńkọ́? Ó wà lórí ìṣó lára ògiri yàrá súìṣì. Wọ́n pa á dé dáadáa. Wọn ò fi ayùn rẹ́ ẹ, wọn ò fi òòlù lù ú.

"Bàbá Súìṣì ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn," mo ní. "Ó lọ gbẹ́ ẹ níbì kan."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Èyí ni mi ò tíì mọ̀."

"Dìde, ká lọ bi í," ó ní, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà dání.

*

Bí a ṣe ń lọ sí àhámọ́, a pàdé Lọ́yà tó ń jáde bọ̀.

Ọkùnrin yìí ni ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ mànàmáná, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́yà la mọ̀ ọ́n sí. Ó ti ní ọ́fíìsì kékeré kan rí lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Àga méjì ló wà níbẹ̀, ìkan ò lẹ́yìn, orí ìyẹn lòun fúnra rẹ̀ sì ń jókòó. Ẹni tí kò ní alágbàwí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ mànàmáná fi àdúgbò àwọn tálákà sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó borí wọn. Wọ́n tún ṣe é, ó tún pè wọ́n, ó tún borí. Nígbà tó sú ìjọba, wọ́n ní ṣebí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kó wá máa darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbà. Inú wa dùn débi pé a ò mọ ohun tá a ń fi í sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí iná bá ṣẹ́jú, òun là ń bú, ìyá rẹ̀ tó ti kú náà kì í sì í ṣàìgba tirẹ̀ níbẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun, èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí èèyàn bá rí i lẹ́yìn, yóò rò pé arúgbó ni.

Ológbò tó kú yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní láyé, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyẹn náà bí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Mo ti sọ fún Bàbá pé èmi ni màá gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Aṣọ lọ́yà mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Ẹnu yà mí. "Ẹ fẹ́ gbèjà ẹni tó pa ọmọ yín?"

"Kò tíì sí ẹni tó fi hàn pé òun ló pa á, Sájẹ́ǹtì." Ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ó ń lo oògùn rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà."

Mo wò ó títí ó fi wọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní èèyàn rere ò tíì tán láyé. Ọ̀gá mi ti ń rìn lọ.

Orí pákó ni Bàbá Súìṣì jókòó sí nínú àhámọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, kò lè wọ bàtà mọ́. Ọ̀gá mi jókòó tì í bí ìgbà tí ọmọ bá wá kí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ tan iná?"

"Mo jáde lọ tọ̀. Àìsàn yìí kì í jẹ́ kí n pẹ́ lójú kan. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti gbé ọwọ́ súìṣì sókè."

"Ta lẹ bá níbẹ̀?"

Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Bàbá, inú ẹ̀wọ̀n lẹ máa kú sí," ni mo wí, mi ò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí i.

"Ibi tí mo máa kú sí ò jìnnà mọ́, ọmọ mi. Ilé ni o, ẹ̀wọ̀n ni o, ọ̀kan náà ni."

"Ẹ pàdé ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà," ọ̀gá mi wí.

"Mi ò pàdé ẹni ibi kankan."

Nígbà tá a jáde, mo ní àgídí ọ̀daràn nìyẹn. Mo rán ọ̀gá mi létí pé wọ́n ti fẹ̀sùn wáyà jíjí kan bàbá yìí rí.

"Adájọ́ dá a láre," ó ní.

"Lọ́yà ló gbà á sílẹ̀. Ẹnu Lọ́yà dùn."

"Hẹn." Ó rìn díẹ̀. "Mo bi í bóyá ó pàdé èèyàn, ó ní òun ò pàdé ẹni ibi. Sájẹ́ǹtì, bí o ò bá pàdé ẹnikẹ́ni, kí lo máa sọ?"

"Màá ní mi ò pàdé ẹnikẹ́ni."

"Ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn."

*

Ọgbà iléeṣẹ́ mànàmáná ò tóbi. Yàrá súìṣì wà lápá kan, kò ní fèrèsé. Sítọ́ọ̀ wà lódìkejì. Ilé alájà kan ló wà láàárín, fèrèsé ọ́fíìsì Lọ́yà sì kọjú sí gbogbo ọgbà náà. Nísàlẹ̀ fèrèsé yẹn ni wọ́n gbé ọkọ̀ iṣẹ́ sí, àkàbà gígùn lórí rẹ̀, dírẹ́bà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní tèmi, bí kì í bá ṣe Bàbá, dírẹ́bà yìí ni. Òun ló bá Ológbò lọ, òun ló fi í sílẹ̀ lókè. Inú ọgbà yìí ló sì wà nígbà tí iná dé.

"A gbọ́ pé o bá Ológbò jà lọ́sẹ̀ tó kọjá," mo ní.

"Ta ni ò bá Ológbò jà?" Ó gbójú sókè. "Bí mo bá gbé búrẹ́dì mi sílẹ̀, ó ti jẹ ẹ́. Bí mo bá bú u, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá bi mí bóyá mo bá a jà." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀gá mi dúró kí ó sunkún tán. "Kí ló dé tó o fi fi í sílẹ̀?"

"Tánganran tó gbé wáyà dúró ló fọ́, mà. Èyí tá a mú lọ ò bá a mu. Ó ní kí n sáré wá mú òmíràn ní sítọ́ọ̀, pé òun ò ní sọ̀kalẹ̀ kí òun tún máa gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ mi kún fún ọ̀rá, mo ní kí n fọ̀ ọ́ kí n tó di tánganran tuntun mú. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ ni wọ́n ti pè mí pé ó ti kú."

"Ìwọ náà ń gun òpó. Àgádágodo tìẹ dà?"

Ó fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Ó wà lára bẹ́líìtì. Ọ̀gá mi ki kọ́kọ́rọ́ Ológbò bọ̀ ọ́, kò ṣí.

"Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ tán, níbo lẹ ń gbé e kọ́?"

"Ibí yìí náà ni. Tẹni ni, mà. A kì í fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

"Ẹ kì í gbé e kọ́ ìṣó inú yàrá súìṣì?"

"Ìṣó kẹ̀?" Ó wò ó bíi pé ọ̀gá mi ń ṣàwàdà. "Ṣé ẹ̀mí mi ni màá lọ gbé kọ́ ìṣó?"

Ọ̀gá mi ti gun orí táyà ọkọ̀, ó ń wo àkàbà. Èmi náà nà gá wò ó. Okùn tí wọ́n fi dè é ti gan, eruku ti bò ó, aláǹtakùn sì ti ta sáàárín ìgbésẹ̀ àkàbà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ tú àkàbà yìí kẹ́yìn?"

"Kì í ṣe nígbà tí Ológbò bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Irin tó ń dè mọ́ ẹsẹ̀ ni Ológbò fi ń gun òpó. Ó ní àwọn tó ń kunlé ló ń lo àkàbà. Gbogbo wa la mọ̀."

"Gbogbo yín," ọ̀gá mi wí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀, ó wá gbójú sókè sí fèrèsé Lọ́yà.

*

Ọ̀gá mi kọ̀ láti wọ ọkọ̀. Ó ní ká fẹsẹ̀ rìn, pé ẹsẹ̀ ló ń bá òun ronú.

"Wò ó," ó ní. "Ẹni tó tú àgádágodo náà pa á dé, ó sì gbé e kọ́ ìṣó. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń gun òpó ni, kò ní gbé e kọ́ ìṣó. Bàbá náà ò ní ṣe é, ìdí súìṣì ló ti darúgbó. Ẹni tó ṣe é rò pé nǹkan iléeṣẹ́ ni, pé kí ẹni tó ni ín wá mú un níbẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ fi tàn wá jẹ ni."

"Ẹni tó fẹ́ pa èèyàn kì í dúró tún ilé ṣe, Sájẹ́ǹtì. Ẹni yìí ò kánjú sá. Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ó rò pé Ológbò ti sọ̀kalẹ̀."

Títí di ìgbà yẹn, ọ̀daràn ni mò ń wá, mo sì ti múra láti kórìíra rẹ̀.

"Kí ló máa mú èèyàn rò bẹ́ẹ̀?"

"Bó bá rí ọkọ̀ tó ti padà, tí àkàbà sì wà lórí rẹ̀." Ó dúró díẹ̀. "Ọsibítù ni wáyà náà ń gbé iná lọ. Jẹ́ ká lọ bi wọ́n ní ẹni tí wọ́n ké sí lọ́jọ́ náà."

Nọ́ọ̀sì àgbà ọsibítù ò fi nǹkan pamọ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún aláboyún kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ sì kú lójijì. "Lọ́yà ni mo pè," ó ní. "Ta ni ǹ bá tún pè? Ó ní ká fún òun láàyè díẹ̀. Iná sì dé lóòótọ́."

"Ẹ̀yin sì parí iṣẹ́ yín," ọ̀gá mi wí.

"Iná wo?" Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ó tàn, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. A ò mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ló bá a lọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù la tàn sí dókítà tó fi rán an tán. Ìyá yè, ọmọ yè. Iná yẹn ò ṣe wá ní nǹkan kan."

Mo jókòó sórí àga tí wọ́n ń gbé aláìsàn sí. Ọ̀gá mi ní kí n dìde, ó ku ibì kan.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ni ibi náà. Ọ̀gá mi gbé àgádágodo Ológbò sórí tábìlì, ó bi ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù bóyá ó mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni mo tà á. Inú páálí kan náà ni gbogbo tiwọn ti wá. Ti ẹnì kan ò ṣí ti ẹnìkejì."

"Kò sí èyí tó ń ṣí gbogbo wọn?"

"Ìyá kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń bá páálí wá, kò sí èyí tí kò lè ṣí nínú wọn."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Mo ti ń fi gbogbo ẹnu sọ pé Bàbá gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, mi ò tiẹ̀ ronú pé ẹni tó ta àgádágodo lè ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

"Ta lẹ fún?" ọ̀gá mi bi í.

"Ẹni tó rà á ni. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló wá. Ó yà mí lẹ́nu pé èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ wá ra àgádágodo, kò rán ẹnikẹ́ni."

*

Lọ́yà dìde kí wa nígbà tá a wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Aṣọ dúdú tó ń wọ̀ lọ sílé ẹjọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lóòótọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Ọ̀gá mi ò fẹ̀sùn kankan kàn án. Ó jókòó, ó ní, "Mo wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ yín ni, sà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gba Bàbá sílẹ̀?"

Ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Èjìká rẹ̀ gbéra. Mo rí ẹni tó jẹ́ nígbà tó ń jókòó sórí àga tí kò lẹ́yìn.

"Kò sẹ́ni tó rí i," ó ní. "Kò sí ìjà láàárín òun àti olóògbé. Ẹ tú ilé rẹ̀, ẹ tú ara rẹ̀, ẹ ò bá kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹjọ́ yìí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á dá a sílẹ̀."

"Ta ni wọ́n á wá mú?"

"Kò pọn dandan kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ mìíràn wà tó ń kú fúnra rẹ̀."

"Mi ò lọ sílé ẹ̀kọ́ òfin o, Lọ́yà. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ gba Bàbá sílẹ̀, ohun tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ló ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Sájẹ́ǹtì mi yìí pàápàá á sọ bẹ́ẹ̀."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń yìn mí ni.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ẹjọ́ rò jù nílùú yìí," ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà. "Ẹ sọ gbogbo nǹkan, ẹ wá fo èyí tó máa gbà á sílẹ̀ jù. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fò ó?"

Lọ́yà ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan, ó gbé e sórí tábìlì láàárín wa. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

"Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibí," ó ní, "ẹnì kan nínú wọn ti súìṣì, àìsàn gbé e, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Òkùnkùn bo ìlú, wọ́n wá sọ òkò lu ilé yìí. Mo ní kò yẹ kí àpò ẹnì kan ṣoṣo máa ti gbogbo ìlú mọ́nú òkùnkùn. Mo ra irú èyí tó ní ìyá kọ́kọ́rọ́. Mi ò sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n á kọ̀."

"Ìgbà wo lẹ ti lò ó rí?"

"Mi ò lò ó rí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni." Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé. "Wọ́n pè mí pé wọ́n ti la obìnrin nínú, iná ò sí. Mo dìde wá síbí. Mo rí ọkọ̀ wọn tó ti padà. Mo rí àkàbà lórí rẹ̀. Mo rí dírẹ́bà tó ń fọwọ́, bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tán. Mo ní wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n kàn gbàgbé àgádágodo ni. Mo sáré lọ ṣí i. Ẹ bá mi wò ó. Adájọ́ wo ló máa sọ pé ẹ̀rí yẹn ò tó?"

"Ẹ̀ bá bi dírẹ́bà."

"Ǹ bá bi í." Ó di igi fèrèsé mú. "Ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ lọ́yà, ohun tí ojú rí ni mo fi ń borí wọn."

"Gbogbo òṣìṣẹ́ yín ló mọ̀ pé Ológbò kì í lo àkàbà."

"Èmi ò mọ̀. Èmi ni mo fi í síbi iṣẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀ mí. Mi ò lọ wo bó ṣe ń gùn ún rí. Ẹ̀rù máa ń bà mí kó má já bọ́ lójú mi." Ó yí ẹ̀yìn sí fèrèsé. "Ká ní mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré ni."

Mi ò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Mo wo ilẹ̀ bí òun náà ṣe ń wò ó láàárọ̀.

"Bàbá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà," ọ̀gá mi wí.

"Mo sọ fún un pé iná ti dé, ọkàn àwọn ará ọsibítù á balẹ̀. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́, inú mi ń dùn." Ó jókòó. "Lójoojúmọ́ ni mò ń jí pé lónìí ni màá sọ ọ́. Bí mo bá ti rántí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ á kú mọ́ mi lẹ́nu. Òun ló fi aṣọ rírán rán mi nílé ìwé. Mo ní bí mo bá ti gba Bàbá sílẹ̀, kò ní sí ẹni tó jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀, òun á sì ní ẹnì kan tó kù fún un."

"Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú. Ó ń kú lọ nínú àhámọ́ nítorí yín."

"Mo rí i. Mo rí i láàárọ̀ yìí, mo sì padà wá síbí." Ó gbójú sókè. "Aláboyún yẹn ńkọ́? Mi ò tíì lè bi ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì ti dé etí ètè mi. Ọ̀gá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ìyá yè," ó ní. "Ọmọ yè."

"Ó dáa," Lọ́yà wí. "Ìyẹn náà dáa." Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Mo bínú sí ọ̀gá mi, lẹ́yìn náà mo rí i pé kò sí nǹkan mìíràn tí a tún lè fún un.

Ohun kan ni Lọ́yà bẹ̀bẹ̀ fún, pé ká jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Lójú ọ̀nà, òun jókòó sẹ́yìn, èmi ń wakọ̀, ọ̀gá mi bá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, "Ká ní èmi ni mo dúró lójú fèrèsé yẹn, ohun tí èmi náà máa rò nìyẹn. Bí mo ṣe ń mú ọ̀daràn láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn."

*

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan. Aṣọ oníbàárà kan ló ń tú, ó ń já òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ká jókòó. Àbúrò rẹ̀ ò jókòó sórí àga, ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo tan iná."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì gbẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Ó sọ ti fèrèsé, ó sọ ti àkàbà, ó sọ ti kọ́kọ́rọ́. Ó sọ ti Bàbá tó wà ní àhámọ́. Obìnrin náà ń já òwú nìṣó títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé o pè é?"

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Fóònù rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Kí o tó tan iná, ṣé o pè é?"

"Rárá."

"Èmi pè é," ó ní. "Lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo fẹ́ bi í bóyá yóò wá jẹun nílé. Ó ní, 'Màmí, mo wà lókè, ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ ná.' Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀." Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Ká ní o pè é, ohun tó máa sọ fún ìwọ náà nìyẹn."

Lọ́yà gbé orí lé orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà gbéra bí ẹni fẹ́ gbé e lé e lórí, ó dúró sójú afẹ́fẹ́, ó tún fà á padà. Mo ti bá àwọn òbí tó sọkún dúró rí, mo ti bá àwọn tó dákú dúró. Mi ò tíì rí irú èyí.

"Àbúrò mi," ó ní, "bí mo bá ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀, mo tún ọmọ mi pa nìyẹn. Bí mo bá ní kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé, ta ló tún kù tí màá máa pè?"

Ó yíjú sí ọ̀gá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ mú un máa lọ," ó ní. "Ẹ mú un lọ kí n tó mọ èyí tí mo fẹ́."